Láyíwọlá Sọ Èdè Táílándì ní Sauka Kahuta

Irọ́ tí Láyíwọlá pa kò tóbi nígbà tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ kúkú jẹ́ irọ́ rárá nígbà náà. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Minna, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì, ló sọ pé àwọn máa rán an lọ sí Táílándì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Láyíwọlá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù tó fi sọ ọ́ fún Olúwanífẹ́mi, ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Nífẹ́mi sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni gbogbo ìjọ bá nawọ́ sí Láyíwọlá, wọ́n gbàdúrà ìrìn-àjò fún un títí òógùn fi bo pásítọ̀. Ó ku ọ̀la kó gbéra, wọ́n ní àwọn kò fún un ní físà.

Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́ fún ìjọ Ọlọ́run? Láyíwọlá gbé báàgì rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Kontagora, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Niger kan náà, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sá pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Bí Nífẹ́mi bá pè é nírọ̀lẹ́, á fi ohùn oorun dáhùn, á ní ilẹ̀ ti ṣú gan-an lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tó padà dé, ó ra abẹ̀bẹ̀ olódòdó kan ní ọjà Kure, ó gbé e fún ìyá àgbà Nífẹ́mi pé ẹ̀bùn Táílándì rèé. Màmá gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ọlọ́run ó bù kún ọ, ọmọ mi."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Láyíwọlá ò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Díákónì Ajíbóyè, bàbá Nífẹ́mi, tó ń ta irin ìkọ́lé ní àdúgbò Limawa, dì í mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Láyí, a ò ní se oúnjẹ lónìí. Obìnrin kan wà ní Sauka Kahuta tó ń ta oúnjẹ Táílándì. Wọ́n ní ọdún méje ló fi gbé ọ̀hún. Ìwọ lo máa mú wa lọ. Ìwọ lo mọ ohun tó yẹ kéèyàn jẹ."

Láyíwọlá fọwọ́ di ikùn mú. "Ẹ̀n, sà, inú ló ń run mí díẹ̀ láti àárọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí inú rẹ ti mọ̀ la fẹ́ lọ jẹ."

Bí wọ́n ṣe kó sínú mọ́tò Díákónì nìyẹn, Díákónì àti Láyíwọlá níwájú, Nífẹ́mi àti Màmá lẹ́yìn. Màmá yìí ni ìyá tó bí Díákónì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Minna, kò sì tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti òwúrọ̀, nítorí ebi ìwàásù gígùn ń pa á.

Ilé oúnjẹ náà kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lọ. Wọ́n to àga oníke síbẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá olódòdó sórí tábìlì, wọ́n ya erin kan sára ògiri tí ìrù rẹ̀ gùn ju imú rẹ̀ lọ. Òórùn àgbọn àti edé ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Sherifat, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màdáámù Táílándì, jáde sí wọn, ó so ìborùn mọ́rí, ó fi épíróònù nu ọwọ́.

"Sannunku da zuwa! Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Díákónì ò tiẹ̀ tíì fìdí kàn àga. "Màdáámù, ẹ wo ọmọkùnrin yìí dáadáa. Àna mi lọ́la ni. Láti ìlú yín lọ́hùn-ún ló ti dé láìpẹ́. Ẹ bá a sọ ọ́ ká gbọ́!"

Láyíwọlá rí i tí ojú obìnrin náà yí padà. Ó rò pé ó ti mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Orí fóònù ló ti kọ́ ìkíni kan ṣoṣo lọ́jọ́ tó ń bọ̀ láti Kontagora, òun náà ló sì yọ wò.

"Sàwàdíì kráà," ló wí.

"Sàwàdíì káà," ni Màdáámù dáhùn.

Wọ́n wá ń wo ara wọn bí ewúrẹ́ méjì tó pàdé lórí afárá tóóró.

"Ó parí náà nìyẹn?" Díákónì ló bèèrè bẹ́ẹ̀. "Èèyàn méjì tó jọ ti ìlú òkèèrè dé! Ẹ máa sọ ọ́ lọ, ẹ máa sọ ọ́ lọ jàre."

Nífẹ́mi ti gbé fóònù sókè, ó fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. "Baby, yi magana mana!" Hausa ni Nífẹ́mi máa ń sọ bí inú rẹ̀ bá dùn, ìyẹn ni pé kó sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́.

Láyíwọlá lanu. Ó wá ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó lè lọ́ po, kò rí i. Ó wá Nupe, ó rántí pé Díákónì gbọ́ Nupe. Láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbà èwe kan ti ta sí i lẹ́nu, èyí tí òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ ní Ọ̀yọ́ bí wọ́n bá fẹ́ jí ṣúgà bù. Ẹnà ni, èyí tí wọ́n máa ń ki gọ́gọ́ bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àgbàlagbà má baà mọ ohun tí wọ́n ń wí. Láyíwọlá gbé e gba imú, ó sì sá a lọ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀:

"Ẹgẹ jọ̀gọ̀ọ́gọ́, ẹgẹ bògò mígí. Migi ògò dégé igibẹ̀gẹ̀ rígí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí. Mi ò dé ibẹ̀ rí.

Ojú Màdáámù Táílándì là rekete. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Òun náà kó ohùn sínú imú.

"Ègèmigi nágáàgà ògò dégé igibẹ̀gẹ̀ rígí."

Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí!

Díákónì pàtẹ́wọ́. "Kai! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí agogo!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé e fún ara wọn lọ́wọ́. Màdáámù sọ fún un ní ẹnà pé Abuja lòun ti fọ abọ́ fún obìnrin ará Táílándì kan, pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ ọbẹ̀ sísè, pé àwọn èèyàn àdúgbò ló fi ẹnu wọn gbé òun wọ ọkọ̀ òfúrufú, òun kàn dákẹ́ ni. Láyíwọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ balẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ó ti ń rò ó pé ọjọ́ òní á tiẹ̀ dùn.

Àṣé kò mọ ẹni tó fi àṣírí hàn.

"Kí ló ní ká jẹ?" ni Díákónì bèèrè.

Màdáámù yíjú sí i wẹ́rẹ́. "Ó ní kí n gbé odindi ẹja wá fún yín, sà, èyí tó tóbi jù. Ó ní òun lòun máa sanwó gbogbo ẹ̀."

Láyíwọlá ta gìrì. "Migi ògò sọgọ bẹ́gẹ́ẹ̀gẹ̀!" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!

"Ó ní kí n fi adìẹ aláta kún un," ni Màdáámù wí.

"Màgàdágáágámùgù!"

"Ó ní kí n má gbàgbé àwọn tó wà nílé. Kí n dì í fún wọn lọ."

Díákónì gbá Láyíwọlá lẹ́yìn tìfẹ́tìfẹ́. "Ọmọ gidi! Ọmọ gidi lèyí!"

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?" ni Nífẹ́mi bi í.

"Ọbẹ̀ ló máa mu ní tiẹ̀. Ó ní kí n da ata sí i bí wọ́n ṣe máa ń dà á sí i fún un ní Bangkok, kí n má ṣàánú òun." Màdáámù ṣẹ́jú sí Láyíwọlá, ó sì wọ ẹ̀yìnkùlé lọ.

Nígbà tí oúnjẹ dé, gbogbo tábìlì mọ̀ pé oúnjẹ dé. Wọ́n gbé nuúdù tí wọ́n dín pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹyin wá, wọ́n gbé ẹja tó sùn gbọọrọ lórí àwo wá, wọ́n gbé ọbẹ̀ kan tó ń hó síwájú Láyíwọlá, ata wẹ́wẹ́ léfòó lórí rẹ̀ lọ súà. Díákónì gbóòórùn ọbẹ̀ náà, ó fajú ro.

"Ewé tíì ni mo ń gbóòórùn yìí."

"Àgbo ibà ni wọ́n fi se é," ni Màmá wí. "Láyí, ara rẹ ò yá ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, Màmá," ni Láyíwọlá dáhùn, ó sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Èkíní gbá a lọ́nà ọ̀fun bí ìkúùkù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, omi ń bọ́ nímú rẹ̀, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́. Nífẹ́mi sì tún ń yà á sí fóònù.

Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀. Ó gbájú mọ́ àwo rẹ̀. Ó jẹ nuúdù náà tán, ó fi ọwọ́ nu ètè, ó wá gbórí sókè sí Màdáámù tó dúró ti tábìlì. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìgba imú rárá:

"Ẹgẹ figi egedégé kúngún tègèmigi."

Ẹ fi edé kún tèmi.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Láyíwọlá. Màdáámù Táílándì di tábìlì mú.

"Màmá!" Díákónì fò dìde. "Ẹ gbọ́ Táílándì?"

"Ó ti pẹ́," ni Màmá wí. "Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ló kọ́ yín ni?"

"Rárá o. Àwọn ọmọ tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò ló kọ́ wa."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú lẹ́nu Màdáámù, ó fi épíróònù bo ojú. Díákónì dúró láàárín, ó ń wò wọ́n. Minna ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn ọmọ Hausa ló ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ẹnà. Ṣùgbọ́n ó ti ń rántí nǹkan. Ó rọra jókòó padà.

"Mo ti gbọ́ èdè yìí rí," ló wí. "Ẹ̀yin àti Àǹtí Fọlọ́runṣọ́. Bí ẹ bá ti ń ṣe gìgìgì-gọ̀gọ̀gọ̀ báyẹn, wọ́n á wọ̀ mí láṣọ, wọ́n á gbé mi lọ gba abẹ́rẹ́! Màmá! Ọjọ́ tí ẹ ní ajá funfun yẹn lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko ńkọ́?"

"Ajíbóyè, jẹ ẹja rẹ," ni Màmá wí.

"Haba, Màmá! Ẹ pa á ni?"

Láyíwọlá rí i pé bí òun ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹlòmíì á bá òun sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ata ṣì ń ta á. Ó sọ gbogbo rẹ̀: físà, Kontagora, ohùn oorun. Ó ní àdúrà tí ìjọ gbà lójú òun ni kò jẹ́ kí òun lè padà sẹ́yìn.

Díákónì mí kanlẹ̀. "Dìde. Ìwọ ní tìrẹ, ọ̀sẹ̀ méjì lo fi tàn mí. Ìyá tó bí mi ti fi èdè Táílándì gbé mi gba abẹ́rẹ́ láti kékeré." Ó fa àwo ẹja mọ́ra, ó sì kẹ̀yìn díẹ̀ sí Màmá.

Ṣùgbọ́n Nífẹ́mi ti gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ẹ́ nírọ̀lẹ́," ló wí, "mo máa ń sọ̀rọ̀ kélékélé. Kí n má baà dá oorun rẹ láàmú. Nínú ilé wa, mo máa ń lọ dúró sí ìdí kànga kí ariwo Dádì má baà jí ọ. Kontagora!"

"Mo ṣẹ̀, Nífẹ́mi. Dákun."

"Kontagora ibí yìí! Wallahi, mo tilẹ̀ rọra gé ìpè kan nígbà tí mo fẹ́ sín!"

Ẹ̀rín tún fẹ́ gbé Màdáámù, ó sáré wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Láyíwọlá mọ̀ ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tán. Nífẹ́mi wò ó pẹ́, ó wo òógùn tó ti rin kọ́là aṣọ Ìsinmi rẹ̀. Ó wá fi ìka kan ti àwo ọbẹ̀ pupa náà, ó tì í títí ó fi dé iwájú Láyíwọlá.

"Mu ún tán."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Má ṣàánú ara rẹ. Bí wọ́n ṣe ń da ata sí i fún ọ ní Bangkok."

Láyíwọlá gbé ṣíbí. Ó mu ún, ó sinmi, ó mu ún. Etí rẹ̀ ń hó, kò gbọ́ ohun tí Díákónì ń bi Màmá léèrè nípa ajá mọ́. Nígbà tó rí ìsàlẹ̀ àwo, Nífẹ́mi bu omi tútù sínú ife, ó gbé e bọ̀ wá síwájú rẹ̀. Bí Láyíwọlá ṣe nawọ́ sí i báyìí, Nífẹ́mi tún fà á sẹ́yìn, ó sì mu díẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Sannu fa," ni Nífẹ́mi fi Hausa kí i pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín sì ti ń jà lẹ́nu rẹ̀.