Màmá Kan, Olùtọ́jú Méjì

"Nínú gbogbo òwò tó wà láyé, kò sí èyí tó rọrùn tó ká máa tọ́jú arúgbó nílé wọn," Alága wí, ó sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí tábìlì àárín pálọ̀. "Ẹ gbé e fún mi láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, mo ti di ọ̀gá níbẹ̀!"

Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o. Fíríìjì ló ń tà. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, torí pé níbi tí ènìyàn méjì bá ti ń sọ̀rọ̀, òun á ti gba ìjókòó àárín.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tábìlì Màmá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá nítorí òwò yìí gan-an. "O ò fọ ẹsẹ̀ arúgbó kankan rí, ò ń pe ara ẹ lọ́gàá."

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló fẹ́ ta orúkọ àti ìlànà rẹ̀ fún wọn láti fi ṣí ẹ̀ka tiwọn. Oríṣi ẹ̀ka méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú lásán: wọ́n á wẹ arúgbó, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á bá a tàkúrọ̀sọ, wọ́n á rán an létí oògùn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tàbí egbò. Ìkejì ni ìtọ́jú ìṣègùn: nọ́ọ̀sì ló ń darí ẹ̀, dókítà ló ń pàṣẹ, ìwé àṣẹ ìjọba sì lè gba odindi ọdún. Ẹbí kan, ẹ̀ka kan. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, níṣojú alábẹ̀wò tó ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá tó bí àwọn méjèèjì, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú báńdéèjì lójúgun, ni wọ́n fẹ́ fi dánra wò.

"Ìtọ́jú lásán la máa mú," Alága wí. "Láàárín oṣù mẹ́ta, a ti ṣílẹ̀kùn."

"Kí lèmi á wá máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin á máa se oúnjẹ, sístà mi. Ẹ kúkú mọ oúnjẹ sè."

Nọ́ọ̀sì dìde fùú. "Kí egbò máa rà níṣojú mi, kí n máa sọ pé 'Màmá, ẹ rántí oògùn yín'? Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ, o fẹ́ sọ mí di aláàsè!"

"Ẹ má pariwo lé mi lórí! Fáìlì la máa tọ́jú nínú tiyín yẹn. Ká tó fọ ẹsẹ̀ kan, dókítà á kọ̀wé, ìjọba á lu òǹtẹ̀. Wọ́n á ti sin arúgbó ọ̀hún tán, òǹtẹ̀ ò ní tíì gbẹ!"

"Tó bá wá kú sọ́wọ́ tìẹ ńkọ́? Wàá ta fíríìjì fún un?"

Ìlẹ̀kùn dún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé pẹ̀lú awò lójú àti ìwé lọ́wọ́. "Èmi ni alábẹ̀wò. Ẹ ṣe bíi pé mi ò sí níbí," ó ní, ó sì lọ jókòó síbi tí kò sẹ́ni tí kò ní rí i.

Alága bọ́ sójú agbo. "Màmá wa dáadáa, ẹ káàsán o! Èmi ni olùtọ́jú yín."

"Mo mọ̀ ẹ́," Màmá fèsì. "Èmi ni mo bí ẹ."

Alága gbọn ìrọ̀rí, ó fa aṣọ fèrèsé, ó gbọ́mi wá. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege, àfi ìgbà tí Màmá ní, "Báńdéèjì yìí mà fún jù o."

"Má fọwọ́ kàn án!" Nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n bá sì ní kí Alága má ṣe, ó ti ṣe é tán nìyẹn. "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí aṣọ la fẹ́ tú." Ó tú u títí ó fi rí egbò náà, pupa, tó ń yọ omi. Ẹnu tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Ojú rẹ̀ yí bírí, ó ṣubú gbì bíi fíríìjì tó já bọ́ látorí ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì ré e kọjá bí ẹni ń ré gọ́tà. Ó fọ egbò, ó fi oògùn sí i, ó wé e tán, kò bojú wo ẹni tó wà nílẹ̀. Ó wá kọjú sí alábẹ̀wò. "Ṣé ẹ rí i, màdáámú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ìṣègùn la fẹ́."

"Mo ti ń kọ ọ́. Ìwé dókítà tó ní kí ẹ fọ egbò yẹn dà?"

"Ìwé wo? Màmá mi nìyẹn!"

"Nínú ẹ̀ka ìṣègùn, aláìsàn ni wọ́n. Ẹ tọ́jú egbò láìsí àṣẹ. Àbúrò yín náà tú egbò tí ẹ̀ka ìtọ́jú lásán ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ kùnà ní méjèèjì."

"Ẹ ò rí i?" Alága lajú, ó ké látorí ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́!"

"Èmi? Ìwọ tó o dákú sórí kápẹ́ẹ̀tì?"

"Mo sinmi ni!"

"Ẹ dákẹ́!" Alábẹ̀wò náà gbaná jẹ, ó la ìwé mọ́ tábìlì. "Ẹbí karùn-ún rè é lọ́sẹ̀ yìí! Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni?"

Ohùn Nọ́ọ̀sì rọlẹ̀. "Màdáámú, mi ò níbi tí mo máa padà sí. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Alábẹ̀wò mí kanlẹ̀. "Mo gbà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò. Èwo lẹ fẹ́?"

"Ìṣègùn!"

"Lásán!"

Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Alábẹ̀wò yíjú sí Màmá. "Ẹ̀yin tí wọ́n ń tọ́jú ńkọ́, Màmá? Nínú méjèèjì, èwo ló dáa?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Èmi ò mọ èyí tó dáa," ó ní. "Mo ti tọ̀ sórí àga."