Ohun Tí Yìnyín Kò Tú

Algot fún iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ó fi di ìṣù, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú katakata rẹ̀ tó ti ń kùn. Ìṣù náà fọ́. Ó mú òmíràn. Òun náà fọ́, àmì pé ilẹ̀ ti rọ̀ tó láti gbìn. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ìdájí ni katakata Sixten, aládùúgbò rẹ̀, ti ń dún lódìkejì odò.

"Ìyá Tuva, wá wò ó!" ó ké sí Gunvor, ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé kọfí bọ̀. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé yìnyín á tún ilẹ̀ yìí ṣe?"

Gbogbo ìgbà òtútù ló fi sọ ọ́. Nígbà ìkórè, Gunvor ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òjò dá ná, torí ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun ni. Algot kò gbọ́. Ó wọ́ ọkọ̀ ànàmọ́ tó kún dẹ́múdẹ́mú kọjá nínú ẹrẹ̀, ilẹ̀ sì tẹ̀ mọ́ra, ó le bíi pèpéle. "Omi inú rẹ̀ á dì, á wú, á là á," ló ń wí. Ó tilẹ̀ fi í gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gunvor gbé kọfí kalẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì.

"Ti òkè lo fọ́ yẹn, Bàbá Tuva. Mú ti ìsàlẹ̀ wá."

"Sixten ti fẹ́ẹ̀ gbin ọkà báálì tiẹ̀ tán!"

"Ṣé Sixten wọ́ ọkọ̀ nínú òjò ni? Gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ẹ tìkanra-tìkanra. Òkè rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ihò jìn tó ojúgun, ṣọ́bìrì dún gbì, ó ta padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sún síwájú, ó tún gbẹ́. Gbì. Ìṣù tó yọ níbẹ̀ kò fọ́. Ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Gunvor. Bí báálì bá wọ ibẹ̀, omi á dúró lé e, gbòǹgbò rẹ̀ á rà.

"Òjò dídì ló tètè bolẹ̀ bíi kúbùsù," Algot kùn, "ni òtútù ò fi ráyè wọ inú ilẹ̀."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ ni òtútù, kó máa palẹ̀ ohun tí o bà jẹ́ mọ́?"

Algot fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Eérú ló tọ ẹni tó dà á wá yìí. Ó na ọwọ́, ó pa katakata.

"Tá a bá gbin koríko màlúù síbẹ̀ ńkọ́, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìn, kó máa la ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀?"

"Á pẹ́ o."

"Kó pẹ́."

Kọfí ti tutù. Ó mu ún bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi bẹ Ọlọ́run fún yìnyín. Kò bẹ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Gunvor," ó ní, "jọ̀ọ́."