Òfin Tabitha ní Èbúté Crandall

Ìlú wa kò tíì ju ilé mọ́kànlá lọ nígbà tí Tabitha, opó Crandall tó tẹ ìlú náà dó, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ìsàlẹ̀ odò bọ̀ kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ títí ìrì dídì yóò fi sẹ̀, tí yóò lé ibà pọ́njú lọ. Ibà yìí ti gbé ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Lavinia nìkan ló kù fún un, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní New Orleans nísàlẹ̀ odò.

Lóṣù Keje, ìyàwó Enos alágbẹ̀dẹ ti ìsàlẹ̀ odò dé. Tabitha fúnra rẹ̀ ló na ìbọn sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni obìnrin náà fi wà lórí iyanrìn àárín odò kí oòrùn àti ebi tó pa á. Ibà kankan kò ṣe é. Tabitha kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní bá a bò ó.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá kan sọ Lavinia sínú ọkọ̀ kékeré, ó sì kọjá lọ. Enos ló ń ṣọ́ èbúté. Ó gbé ìbọn lé Tabitha lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Ìyá Lavinia. Ẹ̀yin lẹ lòfin."

"Enos, jọ̀ọ́. Ara ọmọ mi le. Wo ojú ẹ̀."

"Ara ìyàwó mi náà le. Ẹ máa yìn ín, àbí kí n bá yín yìn ín? Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í tàsé."

Ìkà ni, àmọ́ ta ló kọ́ ọ?

Lavinia ti bọ́ sómi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ n jẹun ná, kẹ́ ẹ tó yìnbọn."

Tabitha wo àwọn ará ìlú. Kò sẹ́ni tó wò ó padà. Ó yìnbọn sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, omi ta sí i láṣọ.

"Padà," ló wí.

Ọmọ náà yí padà. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, odò sì gbé e lọ. Enos gba ìbọn rẹ̀, ó lọ jẹun.

Ní oṣù Kọkànlá, ìrì dídì sẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì tún ń yà. Tabitha ń bi gbogbo wọn léèrè. Alásè ọkọ̀ karùn-ún ní òun mọ Lavinia kan tó ń ránṣọ nílùú Natchez nísàlẹ̀ odò.

"Ara ẹ̀ le dáadáa, Mà. Ó ti fẹ́ ṣègbéyàwó."

"Kò ní kẹ́ ẹ kí ìyá òun?"

"Ìyá wo, Mà? Ó ní ibà pọ́njú ti pa ìyá òun."