Paramọ́lẹ̀ Inú Mọ́tò Ìgbájọ

Ọmọ́tọ́lá kì í bẹ̀rù ejò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Òṣogbo ló gbà á síṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ẹranko, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ejò ni. Lọ́dún 1985, nígbà tí Dókítà Adébóyè kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ wa ilẹ̀ ní ahoro ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀rà, láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé níbẹ̀, Ọmọ́tọ́lá bá wọn lọ. Ẹranko inú igbó ibẹ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó wà nínú kòtò ké, ó sì fò sókè. Paramọ́lẹ̀ kan tó ki bí ọrùn ọwọ́ ọkùnrin ti yọrí lára ògiri kòtò náà. Kálukú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọ́tọ́lá ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú igi tó là sí méjì lórí, ó fi tẹ ọrùn ejò náà mọ́lẹ̀, ó gbá a mú, ó sì sọ ọ́ sínú àpò aṣọ.

"Ọmọ́tọ́lá, pa nǹkan yìí," ni Adébóyè wí. Òkè kòtò ló ti ń sọ ọ́.

"Oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú ẹran ti tán, sà. Bí a bá pa á níhìn-ín, á ti rà kí n tó gbé e délé. Láàyè ni n ó gbé e lọ."

Adébóyè mi orí, kò bá a jiyàn mọ́. Mọ́tò iṣẹ́ wọn ti kọṣẹ́, nítorí náà mọ́tò èrò ni Ọmọ́tọ́lá yóò wọ̀. Adébóyè tún kó àwọn àpáàdì tí wọ́n ti wà jáde fún un pé kó bá òun mú wọn lọ. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó to àpáàdì sísàlẹ̀, ó gbé àpò ejò lé e, ó fi ìró bò ó. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé etí àpáàdì a máa mú bí abẹ.

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tó fi jẹ́ pé ètè èèyàn ń là. Ní gáréèjì Ìlá, Ọmọ́tọ́lá wọ Pijó tó ń lọ sí Ìgbájọ. Àrẹ̀mú, awakọ̀ tó ni mọ́tò náà, ní kó gbé agbọ̀n rẹ̀ sí búùtù, àmọ́ Ọmọ́tọ́lá ní rárá, nǹkan tó lè fọ́ ni. Ó gbé e sí ààrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú. Àgbẹ̀ méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú Ọmọ́tọ́lá, abiyamọ kan sì wà láàrin wọn. Ìyádùnní lórúkọ rẹ̀, ó ń gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ han ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà ti sùn lọ lórí itan rẹ̀ lábẹ́ kúbùsù.

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú agbọ̀n. Ọmọ́tọ́lá náà kò sì sọ.

Wọ́n kọjá Ọ̀tan, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹ̀yìn ọ̀ọ̀nì, mọ́tò ń jù wọ́n sókè sódò. Ọmọ́tọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ìró kó lè fọwọ́ kan àpò náà. Àpò náà rí pẹlẹbẹ. Ìka rẹ̀ bọ́ sínú ibi tó ti ya.

Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ejò ti jáde.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àpáta wà lápá òsì, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá pariwo, Àrẹ̀mú yóò wẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì bá ọ̀gbun lọ. Bí ó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ó mọ̀ dájú pé nínú irú òtútù yìí, ibi tó bá móoru ni ejò ń wá lọ. Kò sì síbi tó móoru nínú mọ́tò náà tó itan tí ọmọ sùn sí.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró. Èébì ń gbé mi."

"Ẹ mú un mọ́ra, Àǹtí," ni Àrẹ̀mú dáhùn. "Bíréèkì yìí ò fẹ́ ká dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ ká délẹ̀ ná."

Ọmọ́tọ́lá wo ilẹ̀ mọ́tò. Ó rí i. Ó ń fà bọ̀ lábẹ́ ìjókòó iwájú, ara rẹ̀ rí tótòtó bí ewé gbígbẹ. Ó gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Ìyádùnní, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kí ló tutù lórí ẹsẹ̀ mi yìí?" Ìyádùnní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ọmọ́tọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹnu sí i létí. "Ìyá ọmọ, ejò ni. Ẹ má mira. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, á ṣán yín."

Gbogbo ara Ìyádùnní le gan-an. "Níbo ló ti wá?"

"Èmi ni mo gbé e wọ mọ́tò."

Ìyádùnní yíjú wò ó. Ọmọ́tọ́lá kò lè wo ojú náà. Ètè abiyamọ náà ń mì, àdúrà ni, àmọ́ ohùn kò jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ta jí. Ó na ẹsẹ̀, kúbùsù yọ̀, etí kúbùsù náà kan ń fì dirodiro sísàlẹ̀. Ejò náà gbé orí sókè, ó ń yọ ahọ́n sí i.

Mọ́tò délẹ̀. Àrẹ̀mú yà sẹ́bàá ọ̀nà. "Ó yá, Àǹtí, ẹ lọ bì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀," ni Ọmọ́tọ́lá wí. "Ejò wà nínú mọ́tò."

Ta ni yóò gbọ́ ejò tí yóò rọra? Àwọn àgbẹ̀ já jáde bí ẹni tí iná jó, mọ́tò mì tìtì. Àrẹ̀mú ti wà lókèèrè. Ejò náà mí hùù. Bàbá arúgbó iwájú nìkan ló yí lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwọn àgbẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé ọmọ fún mi, ìyá mi. Rọra."

Ìyádùnní gbé ọmọ náà kọjá. Bí itan rẹ̀ ti fúyẹ́, ejò bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojúgun rẹ̀. Igi kò sí lọ́wọ́ Ọmọ́tọ́lá. Ó dúró títí ejò fi yí orí sápá kejì, ó pa ojú dé díẹ̀, ó sì gbá a mú lọ́rùn.

"Ẹ sá!"

Ìyádùnní bẹ́ jáde. Ejò wé mọ́ Ọmọ́tọ́lá lápá, ó ń la ẹnu. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó ṣubú sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí ejò mọ́ erùpẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀.

Àrẹ̀mú ti mú irin jáàkì. "Ṣé kí n pa á?"

"Ẹ pa á! Ẹ pa á!" ni Ọmọ́tọ́lá ké.

Ó lù ú títí orí náà fi fọ́. Irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Ọmọ́tọ́lá níka. Síbẹ̀ kò ju ejò sílẹ̀. Ó fẹ́ jù ú, àmọ́ ìka rẹ̀ kò ṣí.

Ìyádùnní ló wá kúnlẹ̀ tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìka náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ó ti kú, Àǹtí. Ẹ tú ọwọ́."

"Ẹ foríjì mí," ni Ọmọ́tọ́lá wí.

Ìyádùnní dìde, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ó sì tú aṣọ ara ọmọ náà, ó ń yẹ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ wò. "Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má bá wa wọ mọ́tò yìí mọ́."

Kò sẹ́ni tó bá Ọmọ́tọ́lá bẹ̀ ẹ́. Àrẹ̀mú gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó fi igi tì í jìnnà sí taya, wọ́n sì lọ. Lọ́rì kòkó kan ló gbé e dé Ìgbájọ nígbà tí oòrùn ti mú. Ní gáréèjì, ó rí Ìyádùnní lábẹ́ igi, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ojúgun rẹ̀. Ó dára, kò wú. Ìyádùnní gbójú sókè, ó rí Ọmọ́tọ́lá, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra.

Ọmọ́tọ́lá kò lè lọ bá wọn. Ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Òṣogbo, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó, ó tún un wò, títí àwọn èrò fi ń bínú pé kí ló sọnù. Ó ní kò sí nǹkan. Ó wá ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó bí ọmọdé, kò sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi wọ Òṣogbo.