Nọ́ḿbà Ọkọ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ti opó kan fún yín.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Nínú ètò náà, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ló ní orúkọ, nọ́ḿbà àti ẹgbẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ọ̀gá wọn ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, yọ orúkọ rẹ̀ kí o tó kọ́ ètò tuntun. Òkú kì í mú kọ́kọ́rọ́ dání."

Ó yọ ọ́. Ó gbé ètò tuntun sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Áà! Gbogbo fáìlì ọkọ rẹ̀ ti di ti ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Nọ́ḿbà ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ orúkọ; nọ́ḿbà tó ṣófo, ẹni tó tẹ̀lé e ló bọ́ sí i.

"Àǹtí, n ò jí nǹkan kan o!" ni ọmọbìnrin náà wí.

Opó rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀, àbúrò. Èmi ni mo lé onílé jáde."

Ó dá orúkọ ọkọ rẹ̀ padà, ó so nọ́ḿbà rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tì í pa: kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí tó lè ṣí i mọ́ láé.

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ má bẹ̀rù, kò ní wọlé mọ́."

Ọ̀gá náà ló sọ ọ́ fún mi.