Ibi Tí Iná Ti Lọ

Èmi Adùnọlá ni mò ń kọrin fún ẹgbẹ́ Irin Ìjọra. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo máa ń jágbe, òótọ́ ni. Rọ́ọ̀kì là ń kọ. Ta ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ rọ́ọ̀kì?

Orin wa tí ayé mọ̀ jù ni "Má Wọkọ̀ ní Jíbówú". Lọ́jọ́ tá a gbà á sílẹ̀ ní Súrùlérè, àárín orin ni wọ́n mú iná lọ. Gìtá Teslim kú, èmi náà panu dé, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbà á sílẹ̀ ní bátìrì. Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì, onílùú wa tó dijú pinpin, ò tiẹ̀ mọ̀. Ó ń dá ìlù lù lọ ní tirẹ̀ títí iná fi dé, tí gbogbo àdúgbò pariwo "Up NẸ́PÀ!", tá a sì bá a wọlé padà sínú orin. A ní a máa gé ibẹ̀ kúrò, ọ̀lẹ ò jẹ́. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn ibẹ̀ ju orin tí mo làágùn kọ lọ! Níbikíbi tá a bá ti ṣeré, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló máa ń lù níbẹ̀, èrò á sì kígbe "Up NẸ́PÀ!" kí gbogbo wa tó wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, èjìká Ẹ̀gbọ́n yọnu. Àwọn dókítà ní Ìdí-Àràbà ní ìlù ti tó. Teslim bá mú Jameelah wá, ọmọ wẹ́dà kan ní Mushin, tó kọ́ ìlù nínú báńdì ilé ìwé rẹ̀. Ariwo irin ló gbọ́ dàgbà, rọ́ọ̀kì ò lè dẹ́rù bà á. Ẹgbẹ́ mélòó kan ti rí híjáàbù rẹ̀, wọ́n sì ti ní kó máa lọ kó tó fọwọ́ kan ìlù. Ó fẹ́ àga onílùú wa yìí débi pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdánrawò, á ti gbálẹ̀ dè wá.

Ó ń lu àwọn orin àtijọ́ wa dáadáa. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kọ́ ni, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

"Jameelah, ibi tí iná ti lọ yẹn, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe lù ú ni kó o lù ú o," mo sọ fún un. "Ẹni tó bá ṣi ibẹ̀, kó wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. No story!"

"Mo ti gbọ́, Àǹtí Adùn. Ṣé gbogbo fans ló mọ ibẹ̀?"

"Ọmọ inú oyún mọ̀ ọ́n!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú igi ìlù rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ṣeré ní Yábàá. Ṣàdédé ni Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì wọlé, ó jókòó síwájú pátápátá, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kan kọ́ ọrùn. Bí ọmọ yìí bá ba ibẹ̀ jẹ́ lójú ẹni tó ni ín, ibo ni màá fojú sí?

Jameelah lu àwọn orin tó ṣáájú, èrò ń fò, ilẹ̀ ń mì. A dé "Má Wọkọ̀". A dé ibẹ̀. Teslim dákẹ́, mo panu dé. Jameelah na igi ìlù méjèèjì sókè, kò sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ mọ́.

Kẹ́kẹ́ pa. Mo yíjú sí i, èébú ti dé ẹnu mi, ni mo bá gbọ́ gbà! láàárín èrò. Ẹnì kan ti fọwọ́ gbá tábìlì. Òmíràn fi ìgò lu irin àga. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti ń lu ibẹ̀: tábìlì, kúlà, àtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹyọ kan ò yẹ̀. Ìlù Ẹ̀gbọ́n ni, bó ṣe lù ú lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Jameelah ń fi igi darí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n dijú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Up NẸ́PÀ!"

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Jameelah wọlé, Teslim wọlé, èmi dúró, mò ń sunkún ayọ̀ bí ọ̀dọ̀yọ̀. Ìgbà tí Teslim fẹsẹ̀ tì mí ni mo rántí pé èmi ni olórin.

Lẹ́yìn eré, Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá di Jameelah lọ́wọ́ mú. "Gbogbo ọdún tí mo fi lu ibẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Lílù ni mò ń lù. Òní ni mo jókòó, tí wọ́n lù ú fún mi."

Jameelah kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni. Mi ò lè lù ú bíi tiyín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún, kí wọ́n lù ú fún yín."

Teslim tó ń ká wáyà gìtá rẹ̀ gbórí sókè. "Adùn, ta ló ṣi ibẹ̀ lónìí? Ẹgbẹ́ wo lò ń lọ báyìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fa Jameelah dìde, mo dì mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi bẹ onílùú wa," mo ní. "Kó jẹ́ kí n dúró."