Ohun Tí Kékeré Gbọ́ Láyà Màmá

Ẹ bá mi wo àwọn ọmọ yìí. Àwọn márùn-ún tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà dúró yí ibùsùn màmá àgbà kan ká, aṣọ funfun ń dán lára wọn. Ọ̀gá wọn, dókítà àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé màmá láyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́.

Àṣé àwọn tó ṣíwájú wọn ní kíláàsì ti ta wọ́n lólobó: ariwo kan wà lọ́kàn màmá yìí, ó ń dún bí atẹ́gùn. Ajíṣefínní, olórí wọn, ló kọ́kọ́ gbọ́. “Atẹ́gùn ni, sà.” Ẹnìkejì gbọ́ atẹ́gùn. Ẹnìkẹta gbọ́ ọ. Ẹnìkẹrin tilẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó ń gbádùn orin. Etí ẹlẹ́tìí ni gbogbo wọn fi ń gbọ́.

Ó wá kan ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kékeré, torí òun ló kéré jù. Kì-tì, kì-tì ni ọkàn màmá ń lù, ó mọ́ tónítóní. Ó tún ẹ̀rọ gbé. Kì-tì, kì-tì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn mẹ́rin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sínú ẹgbẹ́ ìkàwé wọn, lẹ́yìn tó ti ń dá kàwé tipẹ́. Bó bá ní òun ò gbọ́, wọn á ní olódo ni. Wọ́n kúkú ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àmọ́ màmá ń wò ó lójú.

“Ọmọ mi, kí lo gbọ́?”

“Màmá, mi ò gbọ́ atẹ́gùn kankan. Kì-tì nìkan ni.”

Ajíṣefínní fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára màmá ló fa ariwo náà. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí màmá lára, ariwo ti lọ, màmá ń lọ sílé lónìí.

“Kí wá ni àwọn yòókù gbọ́?” ni màmá béèrè. “Àbí ẹ̀wà tí mo jẹ lánàá ni?”

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Àwọn mẹ́rin náà rẹ́rìn-ín ara wọn títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ibùsùn tó tẹ̀ lé e, Ajíṣefínní gbọ́, ó tún gbọ́. “Sà, kò dá mi lójú,” ló wí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sún, ó fa Kékeré lápá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

“Jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ ọ wò.”

Inú Kékeré dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.